Ìbéèrè Tí Wọn Kò Bi Mùsáfírù

Ní ìsàlẹ̀ kànga, èèyàn kì í gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè. Mùsáfírù mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ ní Lọ́tò, ní Mòwé, torí inú kànga ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ojú ọ̀run á dà bí àwo kékeré lókè orí. Ohùn ẹni tó ń fa garawa á máa dún bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Bí èèyàn bá kọrin níbẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Ó máa ń sọ fún Nurat ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ òun kò ní ariwo, kò sì ní ẹnìkejì.

"Mo rò pé èmi ni ẹnìkejì," ni Nurat máa ń dá a lóhùn.

Nurat ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ni wọ́n sin ín sí. Mùsáfírù fi àjákù bírọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká kí ewúrẹ́ má baà máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Muqtadir, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọ́lé ní Mòwé nísinsìnyí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wá omi. Ẹ̀rọ náà á dé láàárọ̀, á pariwo, omi á ti yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í pe Mùsáfírù mọ́, àfi bí garawa ẹnìkan bá já sínú kànga àtijọ́, tàbí bí adìẹ bá kú síbẹ̀.

Bí ó ṣe ní ilẹ̀ tó kọ́lé sí nìyí. Nígbà tí Mòwé ṣì jẹ́ oko, Bàbá Ògúnkànmí, tí ìdílé rẹ̀ ni ilẹ̀ apá ibẹ̀, fẹ́ ní omi nínú àgbàlá rẹ̀. Àwọn agbẹ́kànga wá, wọ́n kan àpáta, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n ní kò sí omi níbẹ̀. Mùsáfírù kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí lé àpáta náà, ó gòkè wá, ó ní omi wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn bá a níbẹ̀, òjò bá a níbẹ̀. Owó ọwọ́ Bàbá tán kí àpáta tó tán. Mùsáfírù kò torí ìyẹn gòkè.

Lọ́jọ́ tí omi yọ, Bàbá Ògúnkànmí bù ú sínú igbá. Ó mu. Ó gbé e fún Mùsáfírù, ó mu. Ó gbé e fún Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ìyàwó rẹ̀, òun náà mu. Bàbá wá ní, "Owó iṣẹ́ rẹ kò sí lọ́wọ́ mi. Wo igi ọ̀pẹ yẹn. Láti ibẹ̀ dé etí ọ̀nà, tìrẹ ni. Tìrẹ ni, ti ọmọ rẹ ni." Wọn kò kọ ìwé. Ta ni yóò tún kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi omi gbé mì?

Láti ọdún náà, bí Mùsáfírù bá ti dúńbú ẹran Iléyá, itan ọ̀tún kì í wọ ìkòkò Nurat. Ilé Ògúnkànmí ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀. Ọdún tí agbára rẹ̀ kò ká àgbò, ó pa òbúkọ. Ọdún tí kò ká òbúkọ, ó lọ ra itan lọ́wọ́ alápatà. Itan náà ṣáà lọ. Nígbà tí Bàbá Ògúnkànmí kú, ó ń gbé e fún Ìyá Bùrẹ́ímọ̀. Ìyá á sè é lójú rẹ̀, á bu tiẹ̀ fún un, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lẹ́bàá kànga. Láti ìgbà tí Nurat ti kú, oúnjẹ ọjọ́ yẹn nìkan ni Mùsáfírù ń jẹ lọ́dún tí ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀.

Ìyá a sì máa bú u. "Mùsáfírù, o ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé."

"Ẹnu ti gbàgbé ni, Ìyá."

"Kó yára rántí. Ẹran mi kọ́ ni wàá fi há ọ̀fun kú."

Mùsáfírù a rẹ́rìn-ín. Títí di ọdún mìíràn, kò tún ní rí ẹni tí yóò bú u bẹ́ẹ̀.

Adébánjí ni àbíkẹ́yìn Ìyá Bùrẹ́ímọ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ títà ló ń ṣe. Ó dé ilé Mùsáfírù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó dìde.

"Bàbá Kànga, ẹ kúulé o."

"Adé, káàbọ̀. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ilẹ̀ yìí, a ti tà á."

"Ilẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ jókòó lé yìí."

Mùsáfírù wo àga tó jókòó lé, ó wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ta ló tà á?"

"Fámílì."

"Bàbá rẹ ló fún mi."

"Bàbá mi gbà yín láyè ni. Ìwé dà?"

"Omi la mu."

Adébánjí fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, omi kì í ṣe rìsíìtì. Ẹ lọ wo Màgbòrò, ẹ lọ wo Ìbàfò, ta ló tún ń fi omi gba ilẹ̀?"

"Ìyá rẹ, ṣé ó mọ̀ sí i?"

"Ẹ má fa màámi wọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó rà á máa fún yín ní nǹkan tí ẹ máa fi kó ẹrù. Èèyàn dáadáa ni."

"Nurat ńkọ́?"

Adébánjí wo ẹ̀gbẹ́ ilé, ó wo àwọn àjákù bírọ́ọ̀kì náà. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Wọ́n ní àwọn á bá yín gbé wọn síbi tó dáa."

Mùsáfírù dìde. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó jókòó sínú òkùnkùn ilé títí ó fi gbọ́ tí mọ́tò Adébánjí lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀ pé wọn yóò wó o. Lẹ́yìn ọ̀dà ni ìwé kóòtù dé. Ashraf tó ń gun ọ̀kadà, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, ló kà á fún un. Adébánjí ló pè é lẹ́jọ́ ní Owódé Ẹ̀gbá. Ó ní ayálégbé lórí ilẹ̀ ìdílé àwọn ni Mùsáfírù, kí kóòtù lé e jáde. Mùsáfírù lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìbàfò. Lọ́yà náà dá iye kan fún un. Bí ó bá ní iye náà, ilẹ̀ mìíràn ni ì bá fi rà.

"Lọ́yà ìjọba wà ní Ìfọ̀," ni Ashraf sọ. "Wọ́n ń bá mẹ̀kúnnù rojọ́. Wọn kì í gba owó."

"Ta ló ń sanwó fún wọn?"

"Ìjọba."

"Ìjọba wo?"

"Bàbá, ẹ ṣáà lọ."

Ó kírun àsùbáà, ó wọ mọ́tò. Ọ́fíìsì náà kò ju yàrá kan lọ, bẹ́ǹṣì sì wà níta rẹ̀. Àwọn èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì náà, ojú ìlẹ̀kùn ni kálukú ń wò. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin tó jókòó ti Mùsáfírù ń sunkún láìpariwo, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló dé. Olúkúlùkù ló dì mọ́ tirẹ̀. Mùsáfírù rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ kànga nìyí náà, gbogbo wa la wà níbẹ̀, ẹnìkan kò sì rí ẹnìkejì.

Nígbà tí ó kàn án, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú àti funfun kúnlẹ̀ kí i. Mọ́láyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, òun ni lọ́yà. Mùsáfírù ti múra láti máa pè é ní "ẹ̀yin", ṣùgbọ́n bí ó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ náà yí padà lẹ́nu rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Aṣọ rẹ funfun."

Mọ́láyọ̀ ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Kò gùn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi okùn sọ garawa kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà kan ẹ̀gbẹ́.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ mu omi yẹn, tó ṣì wà láyé?"

"Ìyá Bùrẹ́ímọ̀."

Inú Mọ́láyọ̀ dùn. "Ó ti parí, Bàbá. A máa pè wọ́n."

"Rárá."

"Àwọn nìkan ni ẹlẹ́rìí yín."

"Ìyá ẹni tó pè mí lẹ́jọ́ ni. A kì í mú abiyamọ wá jẹ́rìí ta ko ọmọ rẹ̀. Tó bá gbè mí, ó pa ọmọ. Tó bá gbe ọmọ, ó pa mí. Jẹ́ kó máa se ẹran rẹ̀ jẹ́jẹ́."

"Ẹran kẹ̀?"

"Oúnjẹ ni mo wí."

Mọ́láyọ̀ fẹ́ tún bèèrè nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn, àwọn èèyàn ṣì kún orí bẹ́ǹṣì. Kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Mùsáfírù náà kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, mọ́tò ọ́fíìsì ló gbé Mọ́láyọ̀ wá sí Owódé, mọ́tò tó ń tú èéfín bí ilé ìdáná. Ó dìde níwájú adájọ́, ó ní, "Èmi ni mo dúró fún Alàgbà Mùsáfírù." Mùsáfírù gbé orí sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kírun sí Nurat lára, ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ rẹ̀ sókè láàárín àwùjọ. Adájọ́ sún ẹjọ́ náà síwájú. Mùsáfírù padà sílé, ó sọ bí ó ṣe lọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì sùn dáadáa.

Kí ọjọ́ kejì tó pé, Mọ́láyọ̀ ní kó wá sí Ìfọ̀. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níta, ṣùgbọ́n tábìlì méjì nínú yàrá náà ti ṣófo.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì yìí, ìdajì rẹ̀ ló dé. Wọ́n ní ti àwọn tó wà látìmọ́lé ni kí a fi ṣe. Ẹjọ́ ilé àti ilẹ̀, kí a dá a dúró ná."

"Ṣé kí n lọ jalè ni, kí ẹ lè rójú bá mi rojọ́?"

Mọ́láyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. "Àwa mẹ́ta la wà níbí lésìí. Ó ku èmi nìkan. Mọ́tò yẹn kò ní táyà mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa pe tiyín gan-an ni mo máa wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Tí ẹ bá dé kóòtù, ẹ sọ pé lọ́yà yín kò lè wá, kí wọ́n sún un síwájú. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ."

"Ìyẹn nìkan."

"Ẹ dákun, Bàbá. Ìyẹn nìkan."

Mùsáfírù nìkan ló lọ sí Owódé. Nígbà tí wọ́n pè é, ó sọ ohun tí Mọ́láyọ̀ ní kó sọ. Lọ́yà Adébánjí, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn àtimáa tún awò ojú rẹ̀ tì, dìde. Ó ní ọjọ́ ti lọ jù, ẹni tó ra ilẹ̀ ń retí, àwọn kò sì mọ ìgbà tí lọ́yà ìjọba yóò rójú. Adájọ́ wo Mùsáfírù.

"Bàbá, nígbà wo ni lọ́yà yín máa wá?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé ẹ lè sọ tiyín fúnra yín, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọlé. Bí wọ́n bá bi ọmọlúàbí bóyá ó lè sọ òtítọ́ tó mọ̀, tó bá ní òun kò lè sọ ọ́, ojú wo ni yóò fi kúrò níbẹ̀? Mùsáfírù ní, "Mo lè sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Kànga, àpáta, igbá omi, igi ọ̀pẹ. Nígbà tó parí, lọ́yà Adébánjí tẹrí ba fún un.

"Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo gbọ́ pé ẹni tó moore ni yín."

"Alihamudulilahi."

"Ṣé òótọ́ ni pé lọ́dọọdún, tí ẹ bá pa ẹran Iléyá, ẹ máa ń gbé itan lọ sí ilé Ògúnkànmí?"

Ara Mùsáfírù yá. Ó ti rò pé kò sẹ́ni tó kíyè sí itan náà. "Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọọdún."

"Ẹ kò fo ọdún kankan rí?"

"N kò fò ó rí."

"Ọdún tí ẹ kò rówó pa ẹran ńkọ́?"

"Mo ra itan lọ́wọ́ alápatà."

"Láti ìgbà tí ẹ ti dé orí ilẹ̀ náà?"

"Láti ọdún náà gan-an."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti parí."

Àwọn kan mí kanlẹ̀ nínú kóòtù. Adájọ́ gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé, ó wo Mùsáfírù pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ jìn sí kòtò. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wá lẹ́yìn Iléyá. Bí ó bá ní ìbéèrè tó fẹ́ bi yín lórí ohun tí ẹ sọ yìí, kó wá bi í. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa dájọ́."

Níta, Adébánjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn.

"Bàbá Kànga, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti bá wa gbẹ́ ẹ kan omi."

Mùsáfírù rò pé ojú ló ń ti ọmọ náà. Ó ní kó dìde, ó gbàdúrà fún un.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi wọ Ìfọ̀. Ó ro ẹjọ́ náà fún Mọ́láyọ̀ bí wọ́n ṣe bi í àti bí ó ṣe dáhùn. Mọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Bàbá, ẹ kò sọ ti itan yìí fún mi."

"O kò bi mí."

"Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ẹni tó ń gbé nǹkan fún onílẹ̀ lọ́dọọdún nítorí ilẹ̀, ayálégbé ni lójú òfin. Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiyín."

Mùsáfírù jókòó. "Ẹ̀bùn ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn kò bi mí."

Mọ́láyọ̀ dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó padà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mùsáfírù. "Màá wá lọ́jọ́ náà. Bí ìjọba bá fún mi lówó mọ́tò, bí wọn kò sì fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀kan. Iléyá yìí, ẹ má gbé itan náà lọ. Tí ẹ bá gbé e lọ, wọ́n á fi fóònù ya yín ní fọ́tò, wọ́n á gbé e wá síwájú adájọ́."

"Ìyá á máa retí mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ilé yín ńkọ́, àti ìyàwó yín tí ẹ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé?"

Mùsáfírù dìde, ó wọ mọ́tò lọ sílé.

Òbúkọ ló pa lọ́dún náà. Ó gé itan ọ̀tún, ó gbé e sínú abọ́, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ó ti máa ń ṣe. Ó gbé abọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé e padà wọlé. Láti ibi tó jókòó, ó ń rí ọ̀nà tó lọ sí ilé Ògúnkànmí, àwọn ọmọdé ń kọjá nínú aṣọ ọdún, olúkúlùkù ń gbé abọ́ ẹran lọ sílé ẹlòmíràn. Ashraf kọjá lórí ọ̀kadà, ó dúró.

"Bàbá, ẹ kú ọdún o. Mo rí Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n gbé àga síta."

"Ṣé oòrùn kò pa á?"

"Mo ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní àwọn ń retí ẹnìkan."

Nígbà tí Ashraf lọ tán, Mùsáfírù fi iyọ̀ ra itan náà, ó gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa yí i. Ó bu oúnjẹ síwájú, kò lè jẹ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà díẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè rí iwájú ilé Ògúnkànmí. Àga náà ṣì wà níta. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ọ̀kadà ló gbé Mọ́láyọ̀ dé Owódé, eruku sì ti sọ aṣọ dúdú rẹ̀ di pupa. Owó ara rẹ̀ ló fi wọ ọkọ̀. Ó dìde. Ìbéèrè tó bi Mùsáfírù kò pọ̀.

"Bàbá, ìgbà tí ẹ bá gbé itan dé, kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i?"

"Ìyá á sè é. A ó jọ jẹ ẹ́."

"Ṣé Bàbá Ògúnkànmí ní kí ẹ máa gbé e wá?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Àwọn náà, ṣé wọ́n máa ń fún yín ní nǹkan?"

"Tí ìrẹsì Ọ̀fàdà bá dé láti oko, tèmi á dé. Ìgbà tí wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ, àgbò wọn la pa. Ìgbà tí Nurat kú, Ìyá ló fi aṣọ funfun ránṣẹ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìkórè tó kọjá."

Mọ́láyọ̀ kọjú sí adájọ́. Ó ní òun kò tíì rí onílẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ayálégbé rẹ̀ rí. Ó jókòó. Lọ́yà Adébánjí tún awò rẹ̀ tì, ó ká ìwé rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ dá ẹjọ́ náà, ó ní ẹ̀bùn kì í ṣe owó ilẹ̀, ìmoore kì í sọ ènìyàn di ayálégbé. Ilẹ̀ náà di ti Mùsáfírù lójú òfin bí ó ti jẹ́ tirẹ̀ lójú omi.

Àkókò tí gbogbo ìbéèrè yẹn gbà kò ju èyí tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Mùsáfírù rò ó nínú mọ́tò títí ó fi dé Mòwé. Bí ọmọbìnrin yẹn kò bá rí owó ọkọ̀ nínú àpò ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti gbé Nurat kúrò níbi tó sùn sí.

Ó padà sí Ìfọ̀ láti lọ dúpẹ́. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní lọ́yà ti lọ bá àwọn aládàáni ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí ẹni tí ìjọba rán wá rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níta, àwọn èèyàn ṣì jókòó lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan sún fún un.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i?"

"N kò mọ̀."

"A ó dúró díẹ̀ sí i."

Mùsáfírù jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹjọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ.

Ní ọ̀la ọjọ́ náà, ó sọ itan kalẹ̀ lórí ààrò. Ó ti dúdú, ó ti gbẹ. Ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e lọ sí ilé Ògúnkànmí. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ó kan án.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ni.

"Èmi ni, Ìyá. Mùsáfírù."

"Ṣé kóòtù ló ní kí o wá?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí ló wá gbé ọ wá?"

"Iléyá."

"Iléyá ti kọjá."

"Ó ti kọjá."

"N kò ha sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a mu omi bí?"

"Ẹ wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò pè mí?"

"Ọmọ yín ni, Ìyá."

"Ọmọ mi ni. Ẹnu tí mo fi mu omi ńkọ́, ẹnu ta ni? Ẹ̀yin ọkùnrin jókòó sí kóòtù, ẹ ń wá ohun tí mo mọ̀ kiri. Kò sẹ́ni tó bi mí. Adébánjí kò bi mí. Ìwọ Mùsáfírù, ìwọ tí o jẹun níwájú mi, o kò bi mí."

Mùsáfírù ti rò pé àánú Ìyá ló ń ṣe òun. Kò mọ̀ pé òun ti ti Ìyá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí Ìyá pẹ̀lú bá wọn fi omi gbé mì.

"Gbé e sílẹ̀ síbẹ̀," ni Ìyá wí.

Ó gbé abọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ó yíjú, ó rí ìkòkò omi Ìyá nínú àgbàlá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó lọ síbi kànga. Okùn garawa ti ń já lójú kan, ó tú u, ó so ó mọ́ra. Ó fa omi títí ìkòkò fi kún. Omi náà mọ́, ó tutù, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ń lọ. Ó ti dé ẹnu géètì kó tó gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Mùsáfírù."

"Ìyá."

"Ẹran yìí ti gbẹ jù."

"Ó ti pẹ́ lórí ààrò."

"Ó gbẹ jù. Eyín wo ni kí n fi jẹ ẹ́?"

Mùsáfírù dúró bóyá Ìyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn, bóyá yóò ní kó padà wá. Kò sọ ọ́. Ìlẹ̀kùn tún padé.

Ó padà sílé. Ó se ìrẹsì díẹ̀, ó gbé àwo rẹ̀ jáde síta, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí àwọn àjákù bírọ́ọ̀kì wà. Ó jẹun díẹ̀díẹ̀. Kò sáré, bí ẹni pé ẹnìkan wà níwájú rẹ̀ tó lè bú u.